Ibi Tí Ọ̀bẹ Ti Jẹ Òpó

Ara mi kì í lélẹ̀ tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Tí kọ̀ǹpútà bá ń ronú, màá ti dìde, màá ti dé ẹnu ọ̀nà, màá ti lé adìyẹ tí kò ṣẹ̀ mí, kí n tó padà wá jókòó. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, agbẹ̀bí kò tíì gbé mi lélẹ̀ tí mo ti ń wá ọ̀nà ìta. Ilé bàbá mi ní Ìlobù ni mò ń gbé, yàrá iwájú tó kọjú sí fàráńdà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnu ọ̀nà má baà jìnnà sí mi.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹbí mi ṣì ń sọ pé fọ́tò ni mò ń yà. Ohun tó ní ara ni mò ń yà sínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe àwòrán pẹlẹbẹ tí ènìyàn ń gbé kọ́ ògiri. Ohun tí mo bá yà, o lè yí i po, o lè wo abẹ́ rẹ̀, o lè là á sí méjì kí o wo inú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù olódòdó àti òpó fàráńdà ní Òṣogbo ló ń gbé iṣẹ́ fún mi. Èmi á ya mọ́ọ̀dù tí wọ́n máa fi dà á, ẹ̀rọ kan ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà á sì gbẹ́ ohun tí mo yà sára pákó, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe yà á.

Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Tí ara méjì bá wọ inú ara wọn, o lè ní kí kọ̀ǹpútà so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ìyẹn ni àpapọ̀. O lè ní kó fi ọ̀kan gé èkejì, kí ibi tó ti gbà di ihò. Ìyẹn ni àyọkúrò, bí ìgbà tí o bá ti ìka bọ ẹ̀kọ tó dì tí o sì yọ ọ́. O sì lè ní kó da gbogbo ohun tó kù nù, kó fi ibi tí àwọn méjèèjì ti jọ wà nìkan sílẹ̀. Èmi ń pe ìyẹn ní àjọní. Mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, àyọkúrò ni. Fi òpó gé àpótí, ihò tó bá kù nínú àpótí ni kọ̀ǹkéré máa dà sí.

Ọmọ Ìlobù ni bàbá mi. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi. Nígbà tí bàbá mi kú, tí wọ́n ti ṣe opó tán, ìyá mi di ẹrù wọn, wọ́n ní ilé bàbá àwọn ń pe àwọn, wọ́n sì padà sí Ìfọ́n. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Ìfọ́n kò kúkú jìnnà. Tí àlàáfíà bá wà, ọ̀kadà á gbé ọ débẹ̀ kí omi tí o gbé kaná tó hó. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àrùn náà kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jí ìríran kó, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ku bí ẹni ń yọjú wo ìta láti ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ojú tó rí wọn ní Òṣogbo sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ó wá kọjú sí mi, ó ní irú rẹ̀ máa ń rìn nínú ìdílé, kí n tètè wá yẹ ojú tèmi náà wò. Ìyá tó bí ìyá mi kò ríran mọ́ nígbà tí wọ́n máa fi kú, nítorí náà mo mọ̀ pé kò purọ́. Mo ní mo gbọ́. Mi ò lọ.

Pẹ̀lú ojú tó ṣú náà, ìyá mi kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Ìfọ́n. Wọ́n ń dá jí, wọ́n ń dá bu omi sínú bùútà, wọ́n ń dá gba fàráńdà lọ sí ṣáláńgá lẹ́yìnkùlé, wọ́n á sì dá padà wá ṣe àlùwàlá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Àwọn òpó kúkúrú kan wà tí wọ́n tò sí etí fàráńdà náà, irú èyí tí ikùn rẹ̀ máa ń yọ tí ọrùn rẹ̀ máa ń tín-ín-rín. Ara wọn ni ìyá mi máa ń fọwọ́ tọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì tún gbóná. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ti ìhín tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀hún, ẹnu rẹ̀ a máa wúwo lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ariwo rọlẹ̀, iwájú ilé bàbá ìyá mi ti wó, fàráńdà ti di òkìtì, ìyá mi sì ti wà nínú yàrá kan lọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní Òṣogbo.

Òṣogbo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Àbúrò wọn ń tọ́jú wọn dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ wọn kò mọ ilé náà. Wọ́n á dìde, wọ́n á kọlu àga, wọ́n á jókòó, wọ́n á tún dìde. Tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ pe ẹni tó máa fà wọ́n lọ́wọ́, ẹni náà á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi parí.

“Èmi tí mo fa ọmọ lọ́wọ́,” ni wọ́n wí fún mi lọ́jọ́ kan, “èmi ni wọ́n wá ń ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá bí ẹni ń ṣọ́ olè. Dá mi padà sílé mi. Tí mo bá ti lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mi ò bèèrè nǹkan míì lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Ẹ wá bá mi ní Ìlobù nígbà náà, Màámi. Ilé yín náà ni.”

“Ní irú àsìkò yìí?”

Inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbé iṣẹ́ náà karí: kí n tún fàráńdà Ìfọ́n ṣe bó ṣe wà gẹ́lẹ́, òpó sí òpó, kí ọwọ́ ìyá mi lè tún mọ ọ̀nà.

Bíríkìlà tí mo bẹ̀ níṣẹ́, àgbàlagbà kan tó ń gbé ní Ìfọ́n ni wọ́n. Wọ́n rìn yí òkìtì náà ká, wọ́n fi ẹsẹ̀ yí àfọ́kù òpó kan, wọ́n ní, “Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló da àwọn wọ̀nyí. Mọ́ọ̀dù onípákó kan báyìí ni. Òun náà ni wọ́n gbé lọ fi da òpó ilé bàbá rẹ ní Ìlobù.”

“Mọ́ọ̀dù kan náà, Bàbá?”

“Mélòó ni wọ́n fẹ́ ní? Ìlú méjèèjì ni wọ́n ń bá kọ́lé.”

Láti kékeré ni mo ti ń fẹ̀yìn ti òpó ilé bàbá mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó ní ìbejì ní Ìfọ́n. Inú mi dùn, nítorí ó mú iṣẹ́ rọrùn. Nínú gbogbo òkìtì yẹn, òpó kan ṣoṣo ni kò fọ́. Mo gbé e dúró, mo fi fóònù ya fọ́tò yí i ká láti òkè dé ilẹ̀, nítorí ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi tó máa ń rán irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pọ̀ di ohun tó ní ara. Mo padà sí Ìlobù, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún òpó ilé bàbá mi.

Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí Ìfọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kò fẹ́ gbé mi padà ní ọ̀sán. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ dúró sí ọ̀nà. Mo bá a ṣe àríyànjiyàn títí, kò gbà. Mo lọ gba Òṣogbo yí wá sílé, mò ń kùn nínú mọ́tò bí ẹni tí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ gbé. Ọlọ́kadà náà ò jẹ̀bi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun ló wà nítòsí.

Ẹ mọ̀ pé Iléyá kì í bá ilé wa láìkùn. Ọdọọdún ni wọ́n ń kun iwájú ilé, ọ̀dà lórí ọ̀dà, láìha ti àtijọ́ kúrò. Nítorí náà, òpó Ìlobù ti sanra níbìkan, òpó Ìfọ́n ti sanra níbòmíràn. Mo gbé àwọn méjèèjì wọ inú ara wọn nínú kọ̀ǹpútà, mo sì ní kó fún mi ní àjọní wọn, kí ọ̀dà tó wà lára ọ̀kan tí kò sí lára èkejì lè bọ́ dànù. Ohun tó jáde ni òpó bó ṣe wà nígbà tí ó kúrò nínú mọ́ọ̀dù. Ó rẹwà, mo jẹ́wọ́. Mo dìde, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo padà wá wò ó.

Àbùkù kan ṣoṣo ló ní. Kòtò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn òpó náà, ó gùn, ó sì tẹ̀, ní ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé. Ara òpó Ìfọ́n ló ti wá, nítorí ohun tí kò bá sí lára ọ̀kan kò lè sí lára àjọní. Òkìtì ni mo ti gbé òpó yẹn, àárín àfọ́kù àti òkúta. Mo ní òkúta ló bà á. Mi ò fara balẹ̀ wò ó pé ojú kòtò náà ń dán. Mo kàn gé ègé kan lára òpó Ìlobù, tí kò ní àbùkù kankan, mo sì fẹ́ fi dí i.

Ìyẹn ló wá gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ mi. Kọ̀ǹpútà kì í mọ ohun tó máa ṣe tí ojú ara méjì bá bá ara mu gẹ́lẹ́. Tí ọ̀kan bá wọ inú èkejì dáadáa, ó mọ ibi tí inú wà, ó mọ ibi tí ìta wà. Tí wọ́n bá kàn fara kanra, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ojú òpó á ya bí aṣọ tí ikán jẹ. Ó ya, mo tún un ṣe, ó tún ya. Mo ti bú kọ̀ǹpútà náà tán, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, nígbà tí ìyá mi pè láti Òṣogbo.

“Kí ló dé tí o ń mí báyìí? Ṣé o sáré ni?”

“Kọ̀ǹpútà ni, Màámi. Mo fẹ́ so ara méjì pọ̀, ibi tí wọ́n ti pààlà ni kò yé e.”

“Kò mọ ààlà?”

“Kò mọ̀ ọ́n.”

“Kì í ṣe òun nìkan.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn. “Báwo lo ṣe máa wá ṣe é?”

“Màá ti ọ̀kan wọ inú èkejì díẹ̀, kó má kàn fara kàn án lásán. Á dẹ̀ gbà.”

“Tún un ṣe dáadáa o. Ṣé o ti lọ yẹ ojú rẹ wò?”

“Mo máa lọ, Màámi.”

Mo tì í wọ inú díẹ̀. Ó gbà. Òpó náà pé, ó dán, kòtò pòórá. Mo fi òpó yẹn gé àpótí, mo là á sí méjì, ẹ̀rọ káfíńtà gbẹ́ mọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Òṣogbo, bíríkìlà sì fi da gbogbo òpó fàráńdà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fọ́ òpó àtijọ́ mọ́ àwọn àfọ́kù yòókù, wọ́n dà á sábẹ́ ilẹ̀ fàráńdà, wọ́n da kọ̀ǹkéré lé e. Nígbà tí ó gbẹ, mo lọ mú ìyá mi wá.

Ọjọ́ yẹn dùn. Wọ́n wọlé, wọ́n fọwọ́ tọ́ ògiri yàrá wọn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n jáde sí fàráńdà, wọ́n fọwọ́ pa òpó kan lára, wọ́n ní, “Ó tutù.” Àwọn aládùúgbò ń wá kí wọn káàbọ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, ìyá mi ń dá wọn mọ̀ ní ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó, mo jẹ iyán, mi ò dìde títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Mo sùn sí pálọ̀. Ní ìdájí, mo gbọ́ tí wọ́n jí, mo gbọ́ omi tó ń wọ inú bùútà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fara mọ́ orí ẹní, kí wọ́n má baà rò pé mò ń ṣọ́ wọn. Mo gbọ́ tí ọwọ́ wọn ń kan òpó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ búrẹ́ẹ̀kì ọ̀kadà, mo gbọ́ tí nǹkan onírin dún lórí títì.

Nígbà tí mo máa fi dé ìta, ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ lójú títì, bùútà ti yí lọ, omi ti dà nù. Ọlọ́kadà náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, ó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Kò gbá wọn. Orúnkún wọn ló bó. Àwọn tó ń lọ sí mọ́sálásí dúró, wọ́n ń kí wọn pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ náà pọ̀ jù. Mo gbé wọn dìde, wọ́n ja ọwọ́ wọn gbà.

Ọ̀nà méjì ló sọ̀ kalẹ̀ láti fàráńdà ilé yẹn. Ọ̀kan lọ sí títì, èkejì gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àtẹ̀gùn wọn jọra. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló sì ṣí sí fàráńdà, nítorí náà ọ̀tún àti òsì kò wúlò fún ẹni tí kò ríran. Ó sinmi lórí ilẹ̀kùn tó bá gbà jáde. Èmi tí mo ríran, mi ò fìgbà kankan ronú nípa bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

“Wọ́n ní bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn,” ni ìyá mi wí nígbà tí mo ń fọ orúnkún wọn. “Èmi náà wò ó. Mi ò rí nǹkan kan.” Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fàráńdà, wọ́n ń fọwọ́ pa òpó lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dúró, wọ́n pa á títí.

“Ta ló dí i?”

“Kí ni, Màámi?”

“Ibi tí ọ̀bẹ ti jẹ òpó.”

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní èmi ni, mo ní mo rò pé ó bàjẹ́ ni.

“Ibi tí ìyá mi ti ń pọ́n ọ̀bẹ ni. Orí àtẹ̀gùn yìí ni wọ́n máa ń jókòó sí tí wọ́n bá fẹ́ bẹ iṣu. Nígbà tí ojú wọn ṣú, òun ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Nígbà tí tèmi náà ṣú, òun ni mo fi ń mọ̀nà.” Wọ́n yọ ọwọ́ kúrò lára òpó náà. “Gbogbo rẹ̀ ló ti wá ṣe gẹ́lẹ́ bákan náà. Dá mi padà sí Òṣogbo.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní àkókò díẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kí n so aṣọ mọ́ ọn. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá mọ̀ pé afọ́jú ló ń gbé ibẹ̀. Mo sáré lọ pe bíríkìlà. Wọ́n gbé ṣísẹ́lì dé, wọ́n ní kékeré nìyẹn, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ikùn òpó náà là, irin inú rẹ̀ yọjú síta. Ìyá mi fọwọ́ kàn án. “Ọgbẹ́ nìyí,” ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ di ẹrù wọn.

Mo dá wọn padà sí Òṣogbo ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Nígbà tí a dé, àbúrò wọn jáde wá fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì na ọwọ́ náà sí i láìjẹ́ pé ó bèèrè. Mo lè fara da ìbínú ìyá mi. A ti ń bá ara wa bínú láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọwọ́ tí wọ́n nà yẹn ni mi ò lè fara dà.

Ní Ìlobù, mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo gba fàráńdà lọ, mo gbà á bọ̀. Mo ní kí n ya kòtò míì, àmọ́ irú kòtò wo? Mo lè ya gbogbo ohun tí mo bá rí. Èyí, ọwọ́ ìyá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n, òpó tí kòtò náà wà lára rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Ìgbà tí mo ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun fàráńdà lẹ́ẹ̀kan sí i ni ọgbọ́n náà sọ sí mi lọ́kàn. Òpó tí mo dí wà nínú kọ̀ǹpútà. Òpó tí mi ò tíì dí náà ṣì wà níbẹ̀, torí mi ò kì í pa nǹkan rẹ́. Mo gbé èyí tí mo ti dí, mo sì ní kí kọ̀ǹpútà fi èyí tí mi ò tíì dí gé e.

Gbogbo òpó pòórá. Ohun kan ṣoṣo ló kù lójú kọ̀ǹpútà: ègé kan, tín-ín-rín, tó tẹ̀, bí ègé àgbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ yọ nínú èèpo rẹ̀. Mo yí i po. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń wò. Gbogbo ohun tí ìyá àgbà mi ti gbà lára òpó yẹn ni, bíntín bíntín, láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ìyàwó títí tí ojú wọn fi ṣú. Gbogbo iṣu tí wọ́n bẹ fún ọkọ àti ọmọ wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí mọ́ ló wá di ara lójú mi. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́, lẹ́yìn náà mo dìde lọ wá ọ̀kadà.

Ẹ̀rọ káfíńtà gbẹ́ ègé náà láti ara igi líle. Mo gbé e lọ bá ìyá mi, mo fi lé wọn lọ́wọ́ láìsọ ohun tó jẹ́. Wọ́n yí i, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró.

“Níbo lo ti rí i?”

“Nínú kọ̀ǹpútà ni, Màámi. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí.”

Wọ́n dì í mú títí. Kí n má baà máa wo ojú wọn, mo bi wọ́n ní ohun tó ti ń jà lọ́kàn mi: kí ló dé tí òpó ilé wa ní Ìlobù kò ní irú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn náà bẹ iṣu fún wa níbẹ̀ títí a fi dàgbà?

“Ìyá mi láyà,” ni wọ́n wí. “Ìyá ọkọ wọn bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ dè nínú ilé, wọ́n ní iṣu ni, wọ́n sì ń pọ́n ọn lọ. Èmi? Ọmọ Ìfọ́n tó jókòó ní Ìlobù, tó ń pọ́n ọ̀bẹ sára ilé onílé? Òkúta kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni mo ti ń pọ́n tèmi.”

Mo rántí òkúta náà. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n kàn fẹ́ràn láti máa jókòó síbẹ̀ ni.

Nínú mọ́ọ̀dù, ohun gbogbo máa ń yí padà: bí o bá fẹ́ kí òpó ní kòtò, ara mọ́ọ̀dù lo máa fi nǹkan kún. Bíríkìlà kan ègé igi náà mọ́ inú mọ́ọ̀dù, wọ́n fi epo pa á, wọ́n da kọ̀ǹkéré sí i. Wọ́n yọ èyí tó là kúrò, wọ́n gbé tuntun sí ipò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Mo sì tún lọ mú ìyá mi wá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò di ẹrù. Wọ́n ní àwọn kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ná.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n ní kí n bu omi sí bùútà fún àwọn, kí n sì jókòó. Mo jókòó. Wọ́n jáde láti ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n fọwọ́ kan òpó àkọ́kọ́, wọ́n ń lọ. Wọ́n dé ọ̀nà títì, ọwọ́ wọn pa òpó tó wà níbẹ̀, ó dán, wọ́n ré e kọjá. Wọ́n dé òpó ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kejì, àtàǹpàkò wọn wọ inú kòtò náà, ó sì bá a mu. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Mi ò dìde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú títí mo fi gbọ́ ìró bùútà wọn tó ń padà bọ̀.

Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

“O ṣì wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbí, Màámi.”

“Kí lo tún ń dúró dè? Máa lọ sílé rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́la, kí o kó ẹrù mi wá.” Wọ́n gbé bùútà kalẹ̀. “Lẹ́yìn náà, kí o lọ yẹ ojú rẹ wò. Má sọ fún mi pé o máa lọ. Lọ.”

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé Ìlobù. Mi ò wọlé. Mo fọwọ́ tọ́ òpó fàráńdà ilé bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú mi ní dídì, bí ìyá mi ṣe ń ṣe. Gbogbo wọn dán. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi fi jẹ́ ìyàwó ilé yẹn, wọn kò fi àmì kankan sílẹ̀ lára rẹ̀, mi ò sì mọ òpó tí mo dé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń fi ìrìn àti ariwo bo ẹ̀rù yẹn mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀, òun náà ló sì ń lé mi dìde lórí àga.

Mo wọ ilé ìdáná lọ mú ọ̀bẹ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn sára òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ilé onílé kọ́. Tí mo bá gbọ́ ohun tí mò ń bẹ̀rù lẹ́nu dókítà ní Òṣogbo, ọwọ́ mi á ti ní ibi tó mọ̀; tí mi ò bá gbọ́ ọ, ọ̀bẹ á ṣáà ti mú. Ọ̀dà Iléyá kọ́kọ́ bó, lẹ́yìn náà ni ojú sìmẹ́ńtì yọ, tín-ín-rín bí fọ́nrán òwú. Adìyẹ kan kọjá lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò lé e.